Ọjọ́ tí Mo Kúnlẹ̀ Ṣẹ́tí Aṣọ ní Oǹdó

Mo ti ń ránṣọ ní òpópónà Arakale ní Àkúrẹ́ fún ọdún méje kí Dépò tó mú mi lọ sí Oǹdó láti fi mí han àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Olùkọ́ yunifásítì ni Dépò ní Àkúrẹ́. Ṣòkòtò tó fẹ́ kí n bá òun gé kúrú ló gbé e dé ṣọ́ọ̀bù mi. Òbí rẹ̀ ti kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin méjì, tísà làwọn méjèèjì, ló kù tí wọ́n lè gbà tàbí kọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbà mí.

Wọ́n bi mí ní ilé ìwé tí mo ti jáde. Mo ní lẹ́yìn girama, mo kọ́ṣẹ́ aṣọ ní Ìgbàrà-Òkè. Àǹtí kékeré rẹ́rìn-ín sínú àwo oúnjẹ. Wọ́n wá yí ọ̀rọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé n kò ní gbọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ìgbà tó yá, Àǹtí àgbà gbé kaba kan jáde. Ó ti gùn jù, wọ́n sì fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n ní ṣebí télọ̀ ni mí. Bí a bá ń ṣẹ́tí aṣọ síni lára, ìkúnlẹ̀ là á kúnlẹ̀: ọwọ́ méjèèjì á wà lára aṣọ, píìnì á wà lẹ́nu. Ọ̀gá mi, Ìyá Táíwò, a máa sọ pé télọ̀ tó bá ń sọ̀rọ̀ nídìí ìṣẹ́tí, aṣọ rẹ̀ á wọ́.

Lórí ìkúnlẹ̀ nídìí kaba náà ni mo wà tí àlùfáà ìjọ wọn fi wọlé wá kí wọn. Bàbá náà bi Dépò pé, "Ta ni ọmọ yìí?"

Àǹtí àgbà wo Dépò. Dépò wo ilẹ̀.

"Télọ̀ àwọn Àǹtí mi ni, sà. Àkúrẹ́ ló ti wá."

Píìnì mẹ́fà ló wà lẹ́nu mi. Kí n tó yọ wọ́n tán kí n lè fèsì fúnra mi, àlùfáà ti ṣàdúrà sí iṣẹ́ ọwọ́ mi, Bàbá ti jókòó, ọ̀rọ̀ sì ti di ti ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú tì mí, ó dùn mí dé eegun. Síbẹ̀ mo ṣẹ́tí aṣọ náà tán, ó sì gún régé.

Dépò sìn mí dé gáréèjì. Ó ní kí n ní sùúrù, òun á máa fi ọgbọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn á fi gbà mí.

Mo ní, "Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Bàbá bi ọ́."

Mo wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́, n kò sì gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Ìrọ̀rí kékeré kan ni mò ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ báyìí, ara rẹ̀ ni píìnì mi ń wà. Gbogbo ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ní tirẹ̀, òfin ni. Wọ́n rò pé ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má baà gbé píìnì mì.