Rúùtù àti Ọmọ Mọ́kànlélọ́gọ́rin

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ tíṣà rọrùn, kò tíì dúró níwájú ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́rin rí. Lọ́dún 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iye tí wọ́n kó lé Rúùtù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́wọ́ nìyẹn, ní kíláàsì kìíní ilé ìwé kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọgbọ̀n péré ló ń kọ́ tẹ́lẹ̀. Òun nìkan ló ń pariwo a-b-d fún gbogbo wọn láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Kó tó di oṣù kẹta, ohùn rẹ̀ ti há. Orí ń fọ́ ọ lójoojúmọ́. Ó mu omi àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wọn títí, orí kò yéé fọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Sìkírátù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó dàgbà jù nínú wọn, ṣi ohun tó wà lójú pátákó kà. Rúùtù gbá a létí.

"Olódo! Ta ló ní kó o wá síbí?"

Ọmọ náà kò sunkún. Rúùtù ló délé tó sunkún, nítorí ó ti jẹ ẹgba dáadáa nígbà tóun náà wà nílé ìwé, ó sì ti búra pé òun kò ní lu ọmọ ọlọ́mọ. Ó kọ lẹ́tà pé òun fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, òun yóò fún ọ̀gá ilé ìwé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, ó kọjá níwájú ilé kéwú Àáfà Mùílì, aládùúgbò rẹ̀. Ọmọ tó ń kéwú níbẹ̀ tó ọgọ́ta, Àáfà sì jókòó jẹ́ẹ́, ó ń rán fìlà. Inú bí Rúùtù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àáfà. Kí ló dé tí kì í rẹ̀ yín?"

"Ta ló sọ fún ọ pé èmi ni mò ń kọ́ gbogbo wọn? Àwọn márùn-ún ni mò ń kọ́. Àwọn márùn-ún ń kọ́ àwọn yòókù, èmi ń fetí sílẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, tíṣà."

Lọ́jọ́ kejì, Rúùtù pín kíláàsì sí ọ̀nà mẹ́jọ, ó yan olórí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sìkírátù wà nínú wọn. Rúùtù jókòó, ó fetí sílẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, orí kò fọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn, títí Àlàmú kékeré, tó wà lábẹ́ Sìkírátù, fi ṣi ìwé kà.

"Olódo!" Sìkírátù ló sọ ọ́, ohùn Rúùtù gan-an ló fi sọ ọ́. "Ta ló ní kó o wá síbí?" Ó ti na ọwọ́ sókè.

Rúùtù di ọwọ́ náà mú. Ojú tì í gidigidi. Ó lóṣòó níwájú ọmọ náà.

"Sìkírà, ohun tí mo ṣe sí ọ lánàá kò dára. Má bínú."

Gbogbo kíláàsì na ọrùn wò wọ́n. Wọn kò rí i rí kí àgbà bẹ ọmọdé. Sìkírátù yíjú sí Àlàmú.

"Má bínú. Jẹ́ ká tún un kà."

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ dé, Rúùtù yọ lẹ́tà náà jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ orúkọ àwọn olórí mẹ́jọ sí. Ti Sìkírátù ló ṣáájú.