Lẹ́tà G Tí Mo Pè Ní Ilẹ̀

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ilé iṣẹ́ abọ́ tánganran kan ní Ìsọlọ̀, mo bá ọ̀gá tí wọ́n ní kí n máa tẹ̀ lé níbi tó ti ń jẹ ẹ̀bà. Ìwé àwòrán wáyà ẹ̀rọ ló tẹ́ sábẹ́ abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì wo bíró mẹ́ta tí mo há sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi.

"Ìwọ ni wọ́n ní ó ń bọ̀ láti ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o mọ ìwé tó wà lábẹ́ abọ́ yìí kà?"

"Mo mọ̀ ọ́n kà, sà."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n jẹun tán ná."

Bàbá Lékè ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ará Ìsẹ́yìn ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ló sì ti kọ́ iṣẹ́ iná. Kò sí wáyà kan nínú ilé iṣẹ́ náà tí kò mọ ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ. Tí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́, yóò gbọ́ bí ó ṣe dákẹ́, yóò ní, "Fíúsì àárín ni." Fíúsì àárín náà ni yóò sì jẹ́. Èmi ní tèmi, mo máa ń tú ìwé sílẹ̀, màá fi ìka tọ ìlà láti òkè délẹ̀, nígbà tí mo bá fi máa rí fíúsì àárín, ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí èyí ló ṣe sọ mí ní Akọ̀wé. Sùnkànmí ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin.

Àsìkò tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ ìlú ni. Ilé iṣẹ́ ń hù ní Ìsọlọ̀ bí olú, kò sì sí ìyàwó tuntun tí wọn kì í kó abọ́ tánganran fún. A ò lè ṣe é tó. Máníjà wa, òyìnbó kan tí ojú rẹ̀ máa ń pọ́n láti àárọ̀, kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo lọ. "Kíákíá" ni ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ tí a fún un nìyẹn.

Kíákíá ló ra ààrò tuntun. Nínú ààrò yìí ni abọ́ tí a ti rì sínú ọ̀dà ti máa ń jóná títí ọ̀dà yóò fi máa dán. Ṣéènì irin ló ń gbé abọ́ wọlé, tó ń gbé e jáde, fáànù ńlá kan sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí ṣéènì náà kí ooru má baà ká a. Àpótí irin kan tó ga jù mí lọ ló bá ààrò náà wá. Inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń darí iná ẹ̀rọ wà. Pánẹ́ẹ̀lì là ń pè é. Ìwé àwòrán rẹ̀ tó ogún ojú ewé, mo sì gbà á lọ́wọ́ àwọn tó wá gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ kí Bàbá Lékè tó rí i ní àsìkò oúnjẹ.

Ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fi sọ ibi tí iná ti wá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà, kó má wulẹ̀ ṣí èkejì. Ìlà mẹ́ta tí wọ́n kọ L1, L2 àti L3 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná mẹ́ta tó ń ti orí òpó bọ̀ nìyẹn. Ìlà N ni ọ̀nà tí iná ń gbà padà. Àmì kékeré tó lọ́ bí ejò ń sọ pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni, kì í ṣe irú ti bátìrì. Òbìrí méjì tó kó sínú ara wọn ni ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù. Ìlà mẹ́ta tí wọ́n tò sábẹ́ ara wọn, tí ìsàlẹ̀ kéré ju òkè lọ, ni ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tí a rì mọ́lẹ̀ kí iná tó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀ dípò kó gba ara ènìyàn.

Gbogbo ìwọ̀nyí ni mo mọ̀. Ohun kan wà ní igun ìwé náà tí mi ò mọ̀: òbìrí kan péré, tí wọ́n kọ lẹ́tà G sí àárín rẹ̀. Wọn ò fi irú rẹ̀ hàn wá nílé ìwé, tàbí kó jẹ́ pé mo sùn lọ́jọ́ náà.

Yàrá kan ni mo ń gbé ní Òṣòdì, nítòsí ojú irin. Ọkùnrin kan máa ń pàtẹ ìwé àlòkù lẹ́bàá ibẹ̀, mo sì ti ra ìwé iná kan tí kò ní èèpo lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Mo kà á níbẹ̀ pé ohun tí àwa ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, gráùndì ni àwọn ń pè é. Lẹ́tà G ló sì bẹ̀rẹ̀ gráùndì. Bí mo ṣe parí ìṣòro mi nìyẹn. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan ló ṣe mí, mo fi ìmọ̀ díẹ̀ kún un.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ààrò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí súwíìsì fáànù inú pánẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ìgbà tí ènìyàn ń dín ẹ̀pà. Wáyà kan ló dẹ̀ nídìí rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iná ìjọba lọ. Bàbá Lékè ní àyè ti yọ, ká dè é kí iná tó dé. Ó gé súwíìsì ńlá ẹnu ọ̀nà pánẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Akọ̀wé, gbé ìwé rẹ wá. Ẹ̀rọ yìí ò tíì mọ́ mi lára. Wáyà dúdú tó dẹ̀ yìí, níbo ló ti wá?"

Inú mi dùn. Mo fi ìka tọ ìlà náà títí ó fi kan òbìrí tó wà ní igun.

"Gráùndì ni, Bàbá."

"Kí ló ń jẹ́ gráùndì?"

"Orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ẹ́ẹ̀tì ni, sà. Ilẹ̀ ló ń lọ."

Ó wo wáyà náà. "Kí ló dé tí kò ní àwọ̀ ewé bíi ti àwọn ẹ́ẹ̀tì yòókù?"

"Bóyá àwọ̀ ewé ló tán lọ́wọ́ wọn, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ó mú gílóòbù tó fi ń yẹ iná wò, ó fi wáyà rẹ̀ kàn án. Gílóòbù ò tàn. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú súkúrúdíráfà, ó sì ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú pánẹ́ẹ̀lì.

Lẹ́yìn ògiri, ẹ́ńjìnnì kan dún.

Jẹnẹrétọ̀ ni. Àwọn kan ti wá gbé e síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, a sì ti pinnu láàárín ara wa pé ti ẹ̀rọ amútútù ọ́fíìsì Kíákíá ni. Ti fáànù ààrò ni. Tí iná ìjọba bá lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á tan ara rẹ̀, á sì gbé iná tirẹ̀ wá sínú pánẹ́ẹ̀lì láì gba ọ̀dọ̀ súwíìsì ńlá kọjá, kí fáànù má baà dúró nígbà tí ààrò ṣì gbóná. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé tí mo dì mú. Òbìrí tí G wà nínú rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ́ ní gbogbo ayé.

Bàbá Lékè ò kígbe. Ó kàn le gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ sì di irin mú, kò lè fi í sílẹ̀. Èmi dúró, mo di ìwé mú. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló gbà á là. Ará Ìlaró ni ìyá yìí, òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń to abọ́ sórí ṣéènì. Ó gbé igi gígùn tí wọ́n fi ń ti abọ́ tó bá há, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá ọwọ́ Bàbá Lékè. Bàbá ṣubú sẹ́yìn. Ìyá Bọ́sẹ̀ ju igi sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o," títí ó fi lajú.

Dókítà ní iná jó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti ìka mẹ́ta, ṣùgbọ́n igi ló ṣẹ́ egungun. Ó ní kí a bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ́ ẹ.

Kíákíá pè mí, ó bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní iná gbé Bàbá. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n mo gé e kúrú. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo lọ bá Bàbá Lékè nínú yàrá rẹ̀ ní Ìsọlọ̀. Ó jókòó sórí ibùsùn, wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò dìde.

"Bàbá, lẹ́tà G yẹn, jẹnẹrétọ̀ ni."

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo gbọ́ nígbà tó ń dún."

Òun ló tún sọ̀rọ̀.

"Nígbà tí o ní ẹ́ẹ̀tì ni, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Kò dá mi lójú tán, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa ní kí n ka ìwé fún yín ni, sà. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mi ò mọ̀ ọ́n kà."

Mò ń gbọ́ bí aládùúgbò rẹ̀ ṣe ń fọ ìkòkò lẹ́yìn ilé.

"Dìde," ó ní. "Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe bí ẹni pé mi ò ráyè ka àwòrán. O rò pé tábìlì ni mi ò ní? Mi ò mọ̀ ọ́n kà ni. Tí mo bá gbé abọ́ lé e, kò sẹ́ni tó máa ní kí n kà á." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Nínú àwa méjì, ta ló purọ́ jù?"

Kì í ṣe ìbéèrè tí ọmọdé ń dáhùn.

"Lọ sọ fún òyìnbó yẹn. Tó bá lé ẹ, o ti lọ nìyẹn. Tí kò bá lé ẹ, gbé ìwé náà wá fún mi ní ìrọ̀lẹ́."

Mo lọ sọ fún Kíákíá. Ó pariwo púpọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíì tó mọ pánẹ́ẹ̀lì náà tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, nítorí náà kò lé mi. Ó fi mí sídìí ọ̀dà fún oṣù mẹ́ta, ó ní kí n máa kúrò níbẹ̀ lọ tún iná ṣe tí nǹkan bá bàjẹ́. Abẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀ ni mo wà. Obìnrin náà kò bá mi wí lọ́jọ́ kan. Ó kàn gbé igi rẹ̀ sí ibi tí mo ti lè rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gba ilé Bàbá Lékè lọ. A máa ń jókòó síta, mo máa ń ya àmì sára páálí, òun náà á yà á tẹ̀ lé mi, ọwọ́ òsì ló sì fi ń yà á. Òbìrí rẹ̀ àkọ́kọ́ jọ iṣu. Inú máa ń bí i, ó máa ń ju bíró sílẹ̀, ó sì máa ń ní kí n bá òun mú un. Kò fẹ́ orúkọ tí ìwé fún àwọn àmì náà, ó fún wọn lórúkọ tirẹ̀. Ẹ́ẹ̀tì di òòyà. Òbìrí méjì tó kó sínú ara wọn di òrùka ìyàwó. Iná orí òpó ni onílé, jẹnẹrétọ̀ ni àlejò. Ó ní, "Ohun tó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ bi ìwé nìyí: ènìyàn mélòó ló wà nínú ilé? Onílé lè ti jáde, kí àlejò ṣì wà nínú yàrá." Mi ò tíì rí ìwé kankan tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ yé mi.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ìka mẹ́ta ti ká kò, wọn ò nà mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan pánẹ́ẹ̀lì mọ́ láì jẹ́ pé ìwé wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹni náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ gbogbo ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé. Ẹni tí kò bá dá lójú á ní kò dá òun lójú. Bàbá kì í bínú sí èyí. Ẹni tó bá yára dáhùn ló máa ń bínú sí.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ààrò kejì dé, ẹnjiníà òyìnbó kan sì bá a wá láti òkè òkun. Ní ọjọ́ kan tí iná ìjọba lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń dún lẹ́yìn ògiri, ó gé súwíìsì ńlá, ó sì na ọwọ́ sínú pánẹ́ẹ̀lì. Bàbá Lékè di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n ja lólè. Bàbá fi ìka rẹ̀ tó ká kò tọ́ka sí igun ìwé, ó ní kí n sọ fún un pé ẹni méjì ló wà nínú ilé. Ẹnjiníà ní rárá, wọn ò tíì so ìyẹn. Bàbá ò bá a jiyàn. Ó fi gílóòbù rẹ̀ kan ìdí wáyà náà.

Gílóòbù tàn.

Òyìnbó náà fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi í sínú àpò ṣòkòtò. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó bi mí pé ilé ìwé wo ni bàbá yìí ti kọ́ àwòrán kíkà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá Lékè.

"Sọ fún un pé ilé ìwé kékeré kan ni, ní Ìsọlọ̀ níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tíṣà ibẹ̀ ò sì mọ̀wé dáadáa nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀."

Ìdajì àkọ́kọ́ ni mo túmọ̀.