Ọwọ́ Wa, Ọwọ́ Wọn

Ọkọ mi kì í pe ọwọ́ òsì lórúkọ. Ní ìlú tí wọ́n ti bí i, lọ́nà Òkè-Ògùn, bí wọ́n ṣe ń pe òsì tí í ṣe apá kejì ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pe òṣì tí í ṣe àìní. Ahọ́n wọn kò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ó ní òun kò lè máa jí lárààárọ̀ kí òun máa fi ẹnu ara òun pe òṣì sórí ara òun. Nítorí náà ó ní orúkọ tirẹ̀. Apá ibi tí mọ́tò wa ń gbà lójú títì ni ọwọ́ wa. Apá ibi tí mọ́tò àwọn tó ń bọ̀ wá pàdé wa ń gbà ni ọwọ́ wọn. Kí n tó mọ̀ ọ́n, nígbà tó ń wa lọ́rì, ni ó ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, àwa ará ilé náà kọ́ ọ. Bí mo bá ń wá sáàsì tí mo fi ń gé aṣọ, yóò ní kí n wo ọwọ́ wa lórí tábìlì, èmi yóò sì wo òsì. Àwọn ọmọ wa rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń pè é.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò ní apá òsì títì, kí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọkọ mi bọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Kò sí wàhálà kankan.

Ajégúnlẹ̀ ni à ń gbé, nínú ilé oníyàrá púpọ̀ kan tí omi máa ń yí ká nígbà òjò. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti mú ọkọ mi fi iṣẹ́ lọ́rì sílẹ̀. Ohun tó kù fún wa ni píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan àti tírélà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń so mọ́ ọn lẹ́yìn. Òyìnbó kan ní Àpápá GRA ló ń fi tírélà yẹn wọ́ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì tà á nígbà tó ń lọ sílùú wọn. Ọkọ mi ní kí káfíńtà fi pákó yí i ká, ó ń fi kó ẹrù láti wọ́ọ̀fù, èbúté Àpápá, lọ sí Ìjọra. Mo ń ránṣọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ rírán ló ń bọ́ wa. Tírélà ni.

Ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá ni iná ẹ̀yìn rẹ̀ wà. Ó bá ọkọ̀ ojú omi mu bẹ́ẹ̀, kò bá Ajégúnlẹ̀ mu. Omi ojú ọ̀nà wa ń wọnú rẹ̀, bí a bá sì ń fi ẹ̀yìn rìn níbi tí wọ́n ti ń kẹ́rù, àwọn ọkọ̀ mìíràn a máa fọ́ ọ. Nígbà tó ṣe, wọ́n sọ fún ọkọ mi lẹ́nu géètì wọ́ọ̀fù pé tírélà tí iná ẹ̀yìn àti tráfíkétọ̀ rẹ̀, èyí tó ń ṣẹ́jú bí mọ́tò bá fẹ́ yà, kò bá hàn láti òkèèrè kò ní wọlé mọ́. Kí ó lọ gba ìwé lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ mọ́tò wò.

Ó sọ ọ́ fún mi bó ti rí. Bí a kò bá rí ìwé náà gbà, ìlú rẹ̀ ni a ó kó lọ. Mo mọ ohun tó wà nílùú náà: yàrá kan lábẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti oko tí wọ́n ti pín tán kó tó délé. Òun náà mọ̀ ọ́n.

Ó bá lọ pe riwáyà. Bí a ṣe ń pe ẹni tó ń ṣe iná mọ́tò nìyẹn. Kùtọnu ni riwáyà yìí ti kọ́ṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wa mọ́tò ní apá ọ̀tún látìbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó dé tí Èkó náà fi bọ́ sí ọ̀tún, ó máa ń ní òun ni Èkó wá pàdé lọ́nà.

Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé àwọn ará ilé bú u lẹ́yìn náà. Ó tú iná méjèèjì sílẹ̀, ó fi hàn wá bí ìpata ti ṣe jẹ ẹnu gúlóòbù. Ó ní iná tí kò bá rí irin dì mú dáadáa, bí ojú aláìsàn ni yóò máa tàn. Ó gbé iná náà gòkè sí igun pákó méjèèjì lẹ́yìn, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ ara tírélà nísàlẹ̀, ó sì ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò títí irin fi ń dán. Inú páìpù ló gba wáyà tuntun kọjá kí ẹrù má baà gé e. Nígbà tó kù kí ó so wáyà tírélà mọ́ ti píkọ́ọ̀pù, ó béèrè èwo nínú wáyà píkọ́ọ̀pù ni ti ọwọ́ wo. Ọkọ mi ní aláwọ̀ ewé ni ti ọwọ́ wa, pupa ni ti ọwọ́ wọn.

Nígbà tó so ó tán, ọkọ mi wọnú píkọ́ọ̀pù, riwáyà lóṣòó sẹ́yìn tírélà. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, ẹ tan ọwọ́ wa."

Ọkọ mi yí tráfíkétọ̀.

"Ó ń ṣẹ́jú. Ó ń ṣẹ́jú bí ọmọge tó rí sọ́jà."

"Ọwọ́ wọn ńkọ́?"

"Òun náà ń ṣẹ́jú, Bàbá. Ẹ máa lọ gbàwé yín."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi bu omi fún un mu.

Mo bá ọkọ mi lọ sí pápá tí wọ́n ti ń yẹ mọ́tò wò, nítorí pé èmi ló ń bá a ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dá wa lóhùn. Kò rí wa fín, ẹ ló ń pe àwa méjèèjì. Ó kọ́kọ́ wo táyà, ó wo ibi tí tírélà ti so mọ́ píkọ́ọ̀pù, ó ní ó dára. Ó wá lọ dúró sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ fún mi ní òsì."

Ọkọ mi yí i sí òsì. Iná ọ̀tún ló ṣẹ́jú.

Ó ní kó fún òun ní ọ̀tún. Iná òsì ló ṣẹ́jú.

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó fúnra rẹ̀, ó sì yé e lójú ẹsẹ̀. Ó yé èmi náà. Lójú riwáyà, ọwọ́ wa ni ọ̀tún, bí mọ́tò gbogbo Èkó ṣe ń gbà á nísinsìnyí; lẹ́nu ọkọ mi, òsì ni síbẹ̀. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní òun sọ fún riwáyà pé kó so aláwọ̀ ewé mọ́ ọwọ́ wa, kò gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń wò ó. Ohun tó ń wò kì í ṣe iná mọ́.

"Bàbá, tí ẹ bá wà lójú títì, ọwọ́ wo lẹ ń gbà?"

"Ọwọ́ wa ni."

"Ẹ fi ọwọ́ wa ọ̀hún hàn mí."

Ọkọ mi kì í na ọwọ́ kejì sí èèyàn. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá níwájú àyà, ó sì fi tọ́ka sí òsì.

Mo sọ̀rọ̀. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ ọkùnrin sọ pé orúkọ lásán ni, pé bí a ṣe ń pè é nílé nìyẹn, pé ọkọ mi kò tíì fi mọ́tò kan ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí títì ti yí padà.

"Mo gbọ́ yín, Ìyá. Ṣùgbọ́n lọ́rì tó ń bọ̀ níwájú wọn kò ní gbọ́."

Ó ní iná ṣeé tún ṣe, kí a gbé tírélà padà wá nígbà tó bá wù wá. Ìwé ìwakọ̀ ọkọ mi tó ti gbà lọ́wọ́ wa ni kò dá padà.

Ẹlòmíràn ló bá wa wa mọ́tò náà wálé. Ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo gọ́tà, ó ń wo àwọn tírélà ńlá tó tò sí Wharf Road. Òótọ́ ni mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Ọwọ́ ọkọ mi ti bọ́ sí ọ̀tún tipẹ́, ẹnu rẹ̀ ni kò tíì bọ́ síbẹ̀.

Riwáyà wá lọ́jọ́ kejì. Wáyà méjì ló pààrọ̀, omi tí mo gbé kaná kò tíì hó tó fi ṣe tán. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní kí n dúró sẹ́yìn kí n máa pe iná tó bá ṣẹ́jú ní orúkọ tí gbogbo èèyàn ń pè é. Mo pè é. Mo pe òsì nínú ilé wa, sókè, kí riwáyà lè gbọ́ nínú mọ́tò, ọkọ mi sì ń wo ògiri.

Ọkọ mi padà sí pápá náà lẹ́ẹ̀mejì láti bẹ̀ wọ́n nítorí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan wọ́n ní kó lọ kọ́ mọ́tò lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni, òun tó ti wa lọ́rì dé Kánò. Lẹ́ẹ̀kejì wọ́n ní ẹni tó lè dá a lóhùn kò sí nílé. A gbìyànjú láti gba dẹrẹ́bà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tírélà kékeré kò lè bọ́ ilé méjì, ó sì fi wá sílẹ̀. Mo gba aṣọ kún aṣọ. Òjò dé, omi dé orí táyà tírélà. Kò dé ibi iná.

Ọkùnrin kan láti Ìjọra ló ra tírélà àti píkọ́ọ̀pù. Ó yẹ iná wò kí ó tó gbé e, ó ní ẹni tó ṣe é mọṣẹ́. A dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ń wò wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n dé ìkóríta, iná òsì ṣẹ́jú, ó hàn kedere láti ibi tí a dúró sí, wọ́n sì yà sí òsì.

"Ọwọ́ wọn," ni ọkọ mi wí.

Ẹnu rẹ̀ náà ti bọ́ sí ọ̀tún báyìí. Ó wọlé, ó ń wá okùn tí a ó fi di ẹrù.