Pátákó Tí Wọ́n Fi Kọ́ Mi Lọ́rùn

Nígbà tiwa, bí ọmọdé bá fẹ́ wọ ilé-ìwé ìjọba, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n á ní kó na ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ ti tó ilé-ìwé í lọ nìyẹn. Bàbá mi jẹ́ tíṣà ní Òkukù, Ìkìrun tí à ń gbé ló sì ti ń gun alùpùpù lọ láràárọ̀. Ó dá mi dúró níwájú ilé, ó ní kí n na ọwọ́. Ọwọ́ mi mọ sí òkè etí. Mo tẹ orí kí ó lè kàn án, bàbá mi ní kò sí èrú níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi fẹ́ kí n dúró sílé di ọdún tó ń bọ̀, kí òun wá máa gbé mi sẹ́yìn alùpùpù lọ sí Òkukù. Níbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà àti ìṣirò kí òyìnbó tó dé. Ó ní ọmọ tí kò bá gbọ́ tilé kò lè gbọ́ tìta. Màmá mi, tó ń ta mílíìkì àti bisikíìtì ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì, sọ pé ilé-ìwé jẹ́léósinmi tuntun kan wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, òyìnbó nìkan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

"Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ yín ńkọ́?" ni màmá mi bi bàbá mi. "Èwo nínú wọn ni ọmọ tirẹ̀ ń lọ síbi tí òun ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

Òótọ́ ni, gbogbo wọn ló ti kó ọmọ wọn lọ sí jẹ́léósinmi. Títí dòní, inú ń bí mi pé ọ̀rọ̀ kan péré yẹn ló pa bàbá mi lẹ́nu mọ́.

Ìyá bàbá mi wà ńbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá Inísà là ń pè é, torí Inísà ló ti wá máa bá wa gbé. Ó ní, "Ìyàwó, bó bá jẹ́ òyìnbó nìkan ni yóò máa sọ, ta ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀?"

"Màmá, ẹ̀yin náà á máa gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀." Màmá mi rẹ́rìn-ín. Ìyá Inísà kò rẹ́rìn-ín.

Ní ilé-ìwé náà, pátákó kékeré kan wà tó ní okùn. Ẹni tó bá sọ Yorùbá ni wọ́n á fi kọ́ lọ́rùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè gbà bọ́ ni kó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn, kó lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun àǹtí tó ń kọ́ wa. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìjáde bá dún ni yóò gbé e relé sùn. Kí a tó gbọ́ òyìnbó kankan, a ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹnu ara ẹni. Òyìnbó tí a gbọ́ kò ju ti àwòrán ara ògiri lọ, tí à ń kọ lórin láràárọ̀: bàbá ń kàwé, màmá ń dáná, ìyá àgbà ń sùn.

Wọ́n ní kí àwọn òbí máa tẹ̀ lé òfin náà nílé, màmá mi sì gbà. Bí Ìyá Inísà bá ní "Ààlọ́ o," èmi tí mo máa ń pariwo "Ààlọ̀!" tẹ́lẹ̀ á kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, n ó sì dákẹ́. Ilé sinmi lóòótọ́. Àwọn ará ilé kejì ní ilé-ìwé ti là mí lójú, mo ti ní ìwà. Màmá mi fi í dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Inísà nìkan ni ẹ̀rù ń bà. Ó sọ fún bàbá mi pé, "Ọmọ tó ń wo ọ̀nà kó tó dáhùn, ara mi ò gbà á. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí, ta ni yóò ké?"

Bàbá mi ní kí ìyá òun fọkàn balẹ̀, ọwọ́ mi ò ní pẹ́ kan etí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ mú gan-an. Mo gbé pátákó ti ilé-ìwé dé, torí mo ṣubú, mo sì ké pé, "Yéè, ìyá mi o!" Ìyá Inísà ń sá èlùbọ́ lẹ́yìnkùlé. Ó dìde, ó tún jókòó, ó di orí mú. Ẹnu rẹ̀ ti ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó ní, "Sáré lọ pe ìyá ẹ. Sọ fún un pé ara mi ò dá. Sọ pé apá mi kan ti kú."

Mo sáré. Àǹtí wa ni mo bá lọ́dọ̀ màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ra mílíìkì. Ó wò mí, ó wo pátákó ọrùn mi. Gbogbo ohun tí Ìyá Inísà rán mi ló wà lẹ́nu mi ní Yorùbá, n kò gbàgbé ẹyọ kan. Mo wá òyìnbó rẹ̀ títí, n kò rí i. Kò sí àwòrán ìyá àgbà tí apá rẹ̀ kú lára ògiri wa. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí n sọ ọ́, kí n má bẹ̀rù. Mo sọ èyí tí mo mọ̀.

"Granny is sleeping, ma."

Àǹtí pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó bọ́ pátákó kúrò lọ́rùn mi, ó ní mo ti gba ara mi sílẹ̀. Màmá mi tú bisikíìtì fún mi, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò wo ojú mi. Àwọn méjèèjì wá ń sọ ohun tí n ó dà lọ́jọ́ iwájú. Mò ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, wọ́n rò pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí. Ìgbà tí àǹtí lọ, tó yà ní kọ́nà, ni mo tó la ẹnu jíṣẹ́. Màmá mi kò dúró ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sáré gba ilé lọ.

Àwọn kan ti ní kí n dárí ji ara mi. Dárí kí ni jì? Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà náà, àwọn àgbà ló di mí lẹ́nu.

Bọ́ọ̀sì gbé Ìyá Inísà lọ sí Òṣogbo. Dókítà ní à bá ti tètè gbé e dé. Ó padà wálé láàyè, ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan, ó sì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi gbé mi sẹ́yìn alùpùpù lọ sí Òkukù. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí n na ọwọ́, kò tíì kan etí. Bàbá mi ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n ṣáà jókòó.

Lójoojúmọ́, bí mo bá ti dé, n ó jókòó ti ẹní Ìyá Inísà. Èmi ni n ó pa "Ààlọ́ o," èmi náà ni n ó dáhùn. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ na ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì dára, tó fi wá ọrùn mi yí ká, bóyá okùn ṣì wà níbẹ̀.