Ìràwọ̀ tí Télọ̀ Rán

Kí olóògbé Bàbá Oníràwọ̀ tó dáhùn ìbéèrè, á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò nu orí ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ. Bó ṣe ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tí télọ̀ bi í pé:

"Tíṣà, aṣọ pupa tó fẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún ọsàn tí wọ́n tò sí ìlà! Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Ìràwọ̀ ni. Òmìrán pupa. Bí oòrùn wa bá jẹ́ ọsàn kan, bí òun ṣe máa tóbi tó nìyẹn."

Télọ̀ wo ikùn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n kúkú wọn ẹ̀yin. Ẹ̀yin àti òun ò jìnnà síra."

Físíìsì ni Bàbá ń kọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ló kù ní kíláàsì rẹ̀, alábẹ̀wò sì ń bọ̀ wá pinnu bóyá kí wọ́n ti kíláàsì náà pa. Ẹlòmíì ì bá kun ògiri. Òun fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú ìràwọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ àbẹ̀wò pé, alábẹ̀wò jókòó síwájú nínú gbọ̀ngàn. Bàbá tan fáànù mẹ́rin sí ẹnu aṣọ náà. Ó wú. Ó bo tábìlì, ó dí fèrèsé. Nígbà tó yá, bàtà alábẹ̀wò nìkan ló hàn síta.

"Tíṣà! Mi ò ríran!"

"Ẹ fara balẹ̀, ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù. Bó ṣe ń gbé pílánẹ́ẹ̀tì ìtòsí mì nìyẹn. Oòrùn tiwa náà á wú báyìí, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún márùn-ún sí i."

"Mo ní ìpàdé láago méjì!"

Jórinjórin tó ń tún ilẹ̀kùn ṣe rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Pupa báyìí? Á mà gbóná ju oòrùn lọ o."

Àtàǹpàkò tún lọ sórí ṣọ́ọ̀kì. "Irin tó pupa àti èyí tó funfun nínú iná, èwo ló gbóná jù?"

"Èyí tó funfun ni."

"Ó tán. Ara òde òmìrán tutù ju ti oòrùn lọ. Fífẹ̀ rẹ̀ ló fi ń mọ́lẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ìròyìn náà nílé. "Ó fẹ̀, ó tutù, ara òde rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èéfín, ohun tó ń jó láàárín rẹ̀ sì ti tán? Ta ló lọ júwe ọkọ mi fún wọn?"

Lẹ́tà dé lọ́sẹ̀ kejì: kí wọ́n ti kíláàsì náà pa. Ní ọgbọ̀n ọdún tó fi kọ́ni, Bàbá kò gbà rí pé òun ṣe àṣìṣe. Bó bá ṣe é, ìwé ló jẹ̀bi. Lọ́jọ́ yẹn, kò bá ìwé kankan wí.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn, kò gbé aṣọ wá. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì bíńtín kan sójú pátákó.

"Bí òmìrán bá bọ́ ara òde rẹ̀ dànù tán, ohun tó kù nìyí. Kò tóbi ju ayé wa lọ, ó wúwo bí ìdajì oòrùn, ó sì gbóná débi pé ó funfun."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó máa ń sùn ní ìjókòó ẹ̀yìn nawọ́ sókè. "Sà, kí la wá máa ṣe lọ́jọ́ Ajé?"

Àtàǹpàkò Bàbá tún lọ sórí ṣọ́ọ̀kì.

"Ẹ wá sílé mi láago mẹ́rin. Kí kálukú gbé àga tirẹ̀ dání o. Àwọn tèmi, èmi nìkan ni wọ́n ń gbà."

Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó gba àárín pápá, ó ń lọ.