Àgbá wa gbóná, wọ́n ní oòrùn Houston ni

Mo wà nínú mọ́tò mi níta iléeṣẹ́ kẹ́míkà wa, mi ò sì fẹ́ wọlé padà.

Láàárọ̀, ọ̀gá wa, tó tún jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Pearland, ní kí n mú pọ́ǹpù tó ń ti kẹ́míkà gba inú páìpù lọ sínú àgbá yá sí i.

Mo ní, "Sà, kẹ́míkà yìí gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú páìpù kó tó jinná. Tó bá sáré jáde, inú àgbá ló ti máa jinná, kò sì sí omi tútù níbẹ̀ tó máa pa ooru rẹ̀. Ó lè bú gbàmù."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo sì ṣe é.

Nísìnyí àgbá yẹn gbóná bí ìkòkò. Ọ̀gá wa ní oòrùn ni. Inú ilé ló wà o.

Gbogbo wa ti jáde. Ọ̀gá nìkan ló jókòó tì í, wọ́n ń jẹun.

Wọ́n tún ń pè mí pé kí n wọlé. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa wọlé?