Ohùn Tó Ń Kí Ilé Òfìfo

Nígbà tí ìyá Pyo Seonmi kú, Seonmi kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Seoul, ó padà sí ìlú etíkun tí wọ́n ti bí i. Àwọn ọ̀dọ́ ti fi ìlú náà sílẹ̀ tán; àwọn arúgbó ló kù, kálukú nínú ilé tirẹ̀, òun àti ìkòkò kimchi rẹ̀, ẹ̀fọ́ oníata tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ kó lè kan. Seonmi ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò lọ́kọ, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣọ́ àwọn arúgbó tó ń dá gbé.

Ilé iṣẹ́ náà so ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná àwọn arúgbó náà, wọ́n sì kan àpótí kékeré tó ní iná mọ́ ara ògiri. Bí onílé bá ṣí i, ẹ̀rọ á rán ìròyìn wá. Láràárọ̀, kọ̀ǹpútà á wo ìròyìn àná. Bó bá rí i pé ẹnì kan ṣílẹ̀kùn, iná ilé náà á di àwọ̀ ewé lára àpótí àti lójú kọ̀ǹpútà, àpótí á sì fi ohùn obìnrin sọ pé: "Ẹ káàárọ̀ o. A ti rí yín. Àlàáfíà ni." Bí kò bá rí nǹkan kan, iná á pupa, àpótí á dákẹ́, wọn á sì sáré lọ síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo òkun, Seonmi gba iwájú ilé ìyá rẹ̀ kọjá, ilé tí wọn ò tíì tú àpótí rẹ̀ kúrò. Kò tíì wọ ibẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú. Ó gbọ́ ohùn nínú ilé.

"Ẹ káàárọ̀ o. A ti rí yín. Àlàáfíà ni."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn. Eruku tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Iná àpótí ń tàn, àwọ̀ ewé.

"Màámi?" ó pè é jẹ́ẹ́.

Òkun nìkan ló dáhùn. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn pẹ̀lú, ìdùnnú náà ló sì dẹ́rù bà á jù.

Ó dé ibi iṣẹ́, ó sọ ọ́ fún Chu Gibeom, ọkùnrin aláwàdà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, bóyá Màmá ò tíì fẹ́ lọ ni," Gibeom ní. "Wọ́n ṣì fẹ́ mọ ẹni tó máa jẹ kimchi wọn."

Seonmi ò rẹ́rìn-ín. "Wo àwọn ilé tó ṣófo yòókù."

Tẹ́lẹ̀, pupa ni iná àwọn ilé òfìfo máa ń wà, wọn kì í kà á sí. Ní báyìí, ilé tí onílé rẹ̀ ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ, àwọ̀ ewé. Ilé tó jóná kanlẹ̀, àwọ̀ ewé. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Gibeom. Seonmi wá tẹ nọ́ńbà ilé kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ rí. Kọ̀ǹpútà ní ẹnì kan ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ lánàá.

Gibeom fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká pa kọ̀ǹpútà yìí."

"Ta ló fọwọ́ kan ìbéèrè tí à ń bi kọ̀ǹpútà láràárọ̀ yìí?"

"Èmi ni, lóṣù tó kọjá. Mo fi COUNT sí i, kó máa ka iye ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn."

Seonmi dijú. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó lọ kó ìròyìn ilé kan wá, kó sì wò ó bóyá ó rí nǹkan kan kó wá. Bí ìròyìn ò bá sí, ọwọ́ òfìfo ló máa fi padà, ìdáhùn á sì jẹ́ pé kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ní kó lọ kà kì í fọwọ́ òfìfo dé. Bí kò bá rí ẹyọ kan, á kọ òdo sórí ìlà kan, á gbé e wá. EXISTS, tó ń béèrè bóyá nǹkan wà ní SQL, èdè tí wọ́n fi ń wá ìròyìn nínú kọ̀ǹpútà, kì í ka ohun tó wà lórí ìlà. Kí ìlà ṣáà ti dé ni tirẹ̀. Òdo dé, ó ní èèyàn wà.

Ó yọ kíkà náà kúrò. Iná ilé ìyá rẹ̀ pupa, ó gbójú kúrò níbẹ̀. Ilé tó jóná pupa. Lẹ́yìn náà ni ti Baba Eom, apẹja tẹ́lẹ̀ tó ń gbé lórí òkè etíkun, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ pé ó rìnrìn àjò.

Wọ́n bá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, itan rẹ̀ ti kán, ètè rẹ̀ ti là. Kẹ́tùrù tíì ọkà bálì tó fà sọ́dọ̀ ló ń mu títí tó fi gbẹ. Gibeom ń pe ọkọ̀ aláìsàn. Seonmi kúnlẹ̀ tì í.

"Baba, ẹ ò ké sí ẹnikẹ́ni?"

"Ohùn yẹn ń sọ fún mi láràárọ̀ pé ẹ ti rí mi," ó ní. "Mo ní, bí wọ́n bá rí mi tí wọn ò wá, á jẹ́ pé mo ti kú nìyẹn. Mo bá dákẹ́. Òkú kì í pariwo."

"A ò rí yín, Baba. Irọ́ ló pa."

"Ta ló wá ń kí mi?"

Itan náà san. Ọmọbìnrin rẹ̀ mú un lọ sí ìlú Yeosu, ọ̀pá ló fi ń rìn níbẹ̀. Nígbà tí Seonmi gbé ẹja gbígbẹ lọ kí i, ọmọ náà sọ fún un pé òun ti ní láti gbé ìkòkò ìrẹsì oníná òun, èyí tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ìrẹsì bá jinná, fún aládùúgbò. Bí ìkòkò náà bá ti lanu, Baba á dùbúlẹ̀ síbi tó wà, á sì dákẹ́, títí ẹnì kan á fi wá fọwọ́ kàn án.